Kí ló ń mú kí jẹjẹrẹ ìpìlẹ̀ agbárí padà wá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ?

Àrẹ̀mú_Àbúrò

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Wọ́n ní chordoma ni, irú jẹjẹrẹ egungun kan, ó sì wà nínú clivus, ìyẹn egungun tó dagun wálẹ̀ lẹ́yìn imú, tó kọjú sí ìdí ọpọlọ. Ohun tó kọ́kọ́ fu wá lára ni pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í rí nǹkan ní méjì-méjì, ojú rẹ̀ òsì kò sì lè yí síta mọ́. Ihò imú ni wọ́n gbà wọlé pẹ̀lú kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́.

Dókítà ní iṣẹ́ náà yọrí sí rere, àwọn kó èyí tó pọ̀ jù kúrò, àmọ́ díẹ̀ lẹ̀ mọ́ ibi tí àwọn kò lè fọwọ́ kàn. Látìgbà tí a ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ni ọkàn wa kò ti balẹ̀, torí gbogbo ohun tí a kà ló ń sọ pé irú kókó yìí a máa padà wá.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ló ń pinnu bóyá yóò padà tàbí kò ní padà? Ṣé ọwọ́ oníṣẹ́ abẹ ni? Ṣé irú kókó náà fúnra rẹ̀ ni? Àbí ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe tàbí tí kò ṣe ni? Ìbéèrè kẹta yìí ló ń bi ara rẹ̀ láràárọ̀, ó sì ń dùn mí gan-an.

Morẹ́nikẹ́_Aláàánú

Àrẹ̀mú, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n yín, ẹ sọ fún wọn pé ẹni tó ti gba ibẹ̀ kọjá ló ń kí wọn.

Ibi kan náà ni tèmi wà, ẹ̀gbẹ́ kan ló fì sí, kò sí ní àárín gbùngbùn. Chordoma ni wọ́n kọ́kọ́ pè é. Ìgbà tí dókítà mìíràn tún ẹran ara náà yẹ̀ wò ni wọ́n tó ní chondrosarcoma ni, ìyẹn jẹjẹrẹ kèrékèré egungun. Mo rò pé orúkọ lásán ni, àṣé ìyàtọ̀ ńlá ni, torí chondrosarcoma kì í sábà padà wá bíi chordoma bí wọ́n bá tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Nítorí náà, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ béèrè ìwé àbájáde àyẹ̀wò ẹran ara, kí ẹ sì béèrè bóyá ẹni tó mọ kókó egungun dunjú ló kà á.

Oníṣẹ́Abẹ_Orí

Ẹ kú àìsàn ilé o, Àrẹ̀mú. Iṣẹ́ abẹ ìpìlẹ̀ agbárí ni mò ń ṣe, mi ò rí àwòrán ẹ̀gbọ́n yín, nítorí náà ohun tí a mọ̀ nípa irú kókó yìí lápapọ̀ ni màá sọ.

Ìbéèrè kẹta ni màá kọ́kọ́ dáhùn, torí òun ló ń jẹ wọ́n lọ́kàn. Rárá. Kò sí ohun tí wọ́n ṣe tó fa á. Nígbà tí ọmọ bá wà nínú oyún, okùn rírọ̀ kan wà ní àárín ẹ̀yìn rẹ̀ tí egungun ẹ̀yìn ń gbára lé láti hù, notochord ni wọ́n ń pè é. Okùn náà a máa pòórá, ṣùgbọ́n ìyókù rẹ̀ lè kù sínú egungun láti orí dé ìdí. Inú ìyókù yẹn ni chordoma ti ń jáde. Nínú mílíọ̀nù kan èèyàn, bí ẹnì kan ni ó ń mú lọ́dún, nǹkan bí ìdá mẹ́ta wọn ló sì ń hù ní ìpìlẹ̀ agbárí.

Ó wá ku bí ó ṣe ń padà wá. Ohun àkọ́kọ́ ni ibi tó wà. Bí kókó irú èyí bá hù ní ìdí egungun ẹ̀yìn, oníṣẹ́ abẹ lè gbìyànjú láti yọ ọ́ lódidi pẹ̀lú ẹran tó dára yí i ká, kí ó má fọ́ rárá. Ní clivus, iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá méjì tó ń bọ́ ọpọlọ wà lọ́tùn-ún àti lósì, iṣan ìríran wà lókè, ìdí ọpọlọ tó ń darí mímí wà lẹ́yìn gan-an. Kò sí bí a ṣe lè gé yí i ká. Díẹ̀díẹ̀ ni a ń kó o. Ẹni tó bá sọ fún yín pé àwọn yọ ọ́ lódidi láti clivus láìfọ́, ẹ ní kí ó ṣàlàyé dáadáa.

Ohun kejì: kókó yìí kì í dúró síbi tí ojú ti rí i. Ó máa ń yọ́ wọ inú egungun, ó sì máa ń wọ awọ tó bo ọpọlọ. Oníṣẹ́ abẹ tó mọ̀ ọ́n kì í dúró níbi tí ohun rírọ̀ náà tán sí. Ó máa ń lọ egungun tó yí i ká títí yóò fi kan egungun tó dára. Ọ̀pọ̀ èyí tó ń padà wá láti inú egungun etí ibẹ̀ ni, níbi tí wọ́n rò pé ó ti mọ́.

Èyí tó wúwo jù lójú mi ni iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ yẹn ni kókó náà ṣì wà lọ́tọ̀ sí ohun tó yí i ká. Tí wọ́n bá ti wọ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ojú ọgbẹ́ á ti lẹ̀ mọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ àti iṣan ojú, ewu á pọ̀ sí i, ohun tí a lè kó á sì dínkù. Nínú àwọn tí iṣẹ́ abẹ wọn jẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kejì tàbí ẹlẹ́ẹ̀kẹta, kókó a máa tètè padà ju ti ẹni tí wọ́n ń ṣe fún nígbà àkọ́kọ́ lọ. Ìdí nìyẹn tí a fi ń bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ẹni tí kò tíì mọ irú rẹ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án, àfi bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ pàjáwìrì.

Àrẹ̀mú_Àbúrò

Dókítà, ẹ ṣé, Ọlọ́run á bù kún yín. Mo ti ka apá àkọ́kọ́ sí ẹ̀gbọ́n mi létí. Ó ní kí n tún un kà.

Ṣé kí á ní kí wọ́n padà wọlé lọ kó èyí tó kù ni? Àbúrò bàbá wa ń sọ pé oníṣẹ́ abẹ tó gbójú kò gbọdọ̀ fi nǹkan kan sílẹ̀.

Oníṣẹ́Abẹ_Orí

Mo gbọ́ wọn, ìfẹ́ ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu bàbá. Ṣùgbọ́n bí èyí tó kù bá lẹ̀ mọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tàbí ìdí ọpọlọ, oníṣẹ́ abẹ tó fi í sílẹ̀ ti ṣe ohun tó tọ́. Ẹni tó bá fi ipá yọ ọ́ lè sọ èèyàn di ẹni tí kò lè gbé oúnjẹ mì tàbí kí ó sun oorun àìjí.

Ohun méjì ni kí ẹ béèrè: báwo ni èyí tó kù ṣe tó, ibo gan-an ló sì wà? Díẹ̀ tó kù sínú egungun ẹ̀gbẹ́ kan, tí ìtànṣán lè dé láìbẹ̀rù, yàtọ̀ sí díẹ̀ tó tẹ ìdí ọpọlọ mọ́lẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ti ìkejì, nígbà mìíràn iṣẹ́ abẹ kejì wúlò láti kàn yà á kúrò lára ìdí ọpọlọ, kí àyè díẹ̀ wà láàárín wọn. Àǹfààní àyè yẹn pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Dókítà ìtànṣán tó wà níbí lè ṣàlàyé rẹ̀ jù mí lọ.

Ìtànṣán_Pẹ̀lẹ́

Mo ti dé. Ìtànṣán ni iṣẹ́ mi, mo sì ti bá irú aláìsàn yìí ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹ jẹ́ kí n fi ara balẹ̀ ṣàlàyé, torí ibí ni ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń ṣìnà.

Chordoma kì í tètè gbọ́ ti ìtànṣán. Kí ó tó tẹríba, ó gbọ́dọ̀ gba ìwọ̀n tó ga, nǹkan bí 74 Gray (Gray ni a fi ń wọn ìtànṣán) tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí ọpọlọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ńkọ́? A kì í fẹ́ kí ojú ara rẹ̀ gbà ju nǹkan bí 60 sí 64 lọ, inú rẹ̀ lọ́hùn-ún kò tilẹ̀ gbọdọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ti rí ìṣòro náà. Bí kókó bá tẹ ìdí ọpọlọ mọ́lẹ̀ láìsí àyè, apá tó fara kan án kò ní gba ìwọ̀n tó yẹ kí ó gbà. Mílímítà mélòó kan péré ni, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni kókó ti sábà máa ń padà wá. Nígbà tí dókítà sọ̀rọ̀ àyè, ohun tó ń sọ nìyẹn. Iṣẹ́ abẹ tó bá ya kókó kúrò lára ìdí ọpọlọ àti iṣan ìríran ti ṣe ìdajì iṣẹ́ tiwa, bí kò tilẹ̀ kó gbogbo rẹ̀.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń lo pírótọ́ọ̀nù, ìyẹn ègé tíntìntín inú átọ́ọ̀mù. Ìtànṣán X-ray a máa wọ ara, a sì máa jáde ní òdìkejì, gbogbo ohun tó bá wà lójú ọ̀nà rẹ̀ ló ń pín nínú rẹ̀. Pírótọ́ọ̀nù yàtọ̀. Ó máa ń tú agbára rẹ̀ jáde ní òpin ìrìn rẹ̀, lẹ́yìn èyí ó dúró. Robert Wilson ló dábàá ní 1946 pé kí wọ́n fi wo àìsàn. Láti àwọn ọdún 1970 ni àwọn dókítà Massachusetts General Hospital ní Boston ti ń lò ó fún ìpìlẹ̀ agbárí, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó wà ní Harvard nígbà náà. Ní Japan, láti 1994 ni wọ́n ti ń lo kábọ́ọ̀nù, tó wúwo ju pírótọ́ọ̀nù lọ, ní Chiba. Àwọn onímọ̀ Heidelberg ní Jámánì náà ń lò ó.

Èsì tí wọ́n gbé jáde láti Boston ní 1999 ni ẹ wò, torí ó bá ohun tí Morẹ́nikẹ́ sọ mu. Lẹ́yìn ọdún 10, nínú 100 àwọn tó ní chondrosarcoma ìpìlẹ̀ agbárí, nǹkan bí 94 ni kókó kò padà sí ojú ibẹ̀. Ti chordoma, nǹkan bí 54. Ibì kan náà, irú ìtànṣán kan náà, ìyàtọ̀ sì tó bẹ́ẹ̀. Ìṣirò àtijọ́ ni, iṣẹ́ abẹ àti ẹ̀rọ ti dára sí i látìgbà náà, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ láàárín àwọn méjèèjì ṣì wà.

Àwọn tó wà ní Paul Scherrer Institute ní Swítsàlandì rí ohun méjì tó ń mú kí ó padà: kí èyí tó kù tóbi ju 25 mílílítà lọ nígbà tí ìtànṣán fẹ́ bẹ̀rẹ̀, àti kí ó máa tẹ ìdí ọpọlọ. Àwọn méjèèjì ni iṣẹ́ abẹ lè dínkù.

Adé_Olóòótọ́

Ẹ kú àlàyé o. Èmi kì í ṣe dókítà, ṣùgbọ́n mo gbọ́ pé ṣúgà ló ń bọ́ jẹjẹrẹ, àti pé ìrònú ló ń jí i dìde. Ṣé ẹ̀gbọ́n náà ti fi ṣúgà sílẹ̀?

Nọ́ọ̀sì_Fọláṣadé

Ẹ̀gbọ́n Adé, mo mọ̀ pé oore lẹ fẹ́ ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe gbé ẹrù yìí ka orí aláìsàn. Kò sí ẹ̀rí pé ẹni tó bá jáwọ́ nínú ṣúgà, chordoma rẹ̀ kò ní padà. Bí ẹni tó ronú pọ̀ bá rí i pé kókó tún yọjú, yóò máa rò pé òun ló fà á. Mo ti rí irú wọn lórí ibùsùn, àánú wọn a máa ṣe mí ju àìsàn náà lọ.

Ohun tí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ gba ihò imú fún nílò ni oúnjẹ tó pọ̀ tó láti fi san ọgbẹ́. Ara tó bá rù lásìkò yìí kì í tètè san, bí ọgbẹ́ kò bá sì san, ìtànṣán á ní láti dúró. Ohun tí ẹ lè ràn wọ́n lọ́wọ́ fún nìyẹn: kí wọ́n jẹun, kí wọ́n má gbé nǹkan wúwo, kí wọ́n má fun imú líle. Bí omi tó mọ́ gaara bá ń kán láti imú, pàápàá bí wọ́n bá tẹ̀ síwájú, kí wọ́n pe ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Omi ọpọlọ lè ni. Yàtọ̀ sí pé kòkòrò lè gba ibẹ̀ wọ ọpọlọ, ó tún lè dá ètò ìtànṣán dúró.

Oníṣẹ́Abẹ_Orí

Ọ̀rọ̀ Nọ́ọ̀sì yìí ṣe pàtàkì. Tẹ́lẹ̀rí, jíjò omi ọpọlọ ni ó ń bà wá lẹ́rù jù nínú iṣẹ́ abẹ tó gba imú. Ní 2006 ni Hadad àti Bassagasteguy pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kọ nípa bí a ṣe lè ká awọ inú imú, tí ẹ̀jẹ̀ ṣì ń dé inú rẹ̀, kí a fi dí ihò náà. Jíjò dínkù gan-an látìgbà náà. Ìyẹn ló jẹ́ kí a lè gbójú lé egungun tó jinlẹ̀, kí aláìsàn sì tètè dé ọ̀dọ̀ dókítà ìtànṣán.

Kúnlé_IléÌsinmi

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i, torí ọ̀tọ̀ ni tèmi. Esthesioneuroblastoma ni, èyí tó ń hù lókè imú níbi tí a fi ń gbóòórùn. Wọ́n gé e, wọ́n sì fi ìtànṣán sí i. Àwòrán ojú ibẹ̀ mọ́ tónítóní lọ́dọọdún. Ọrùn ló ti yọjú, lẹ́yìn tí ọ̀pọ̀ ọdún ti kọjá, tí èmi fúnra mi ti ń pe ara mi ní ẹni tó ti bọ́.

Mi ò sọ èyí láti dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Wọ́n gé ti ọrùn náà, mo sì wà níbí tí mò ń kọ̀wé. Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn tó ní irú tèmi gbọ́ ni pé kí wọ́n má ṣe wo imú nìkan. Ẹ ní kí wọ́n máa yẹ ọrùn wò.

Dókítà_Ajúwe

Ẹ kú ewu, Kúnlé. Iṣẹ́ tèmi ni láti fi máíkírósíkóòpù wo ẹran ara tí àwọn oníṣẹ́ abẹ bá gé. Ìrírí yín bá ohun tí a mọ̀ mu: esthesioneuroblastoma lè padà lẹ́yìn ọdún 10 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀nà ọrùn sì jẹ́ ọ̀kan lára ibi tó ń gbà. Láti 1976 ni wọ́n ti ń lo ìpele Kadish: A bí ó bá wà nínú imú nìkan, B bí ó bá dé ihò egungun ẹ̀gbẹ́ imú, C bí ó bá kọjá ibẹ̀ lọ sí ojú tàbí ọpọlọ. Nígbà tó yá ni wọ́n fi D kún un fún èyí tó ti dé ọrùn tàbí ibi jíjìnnà. Yàtọ̀ sí ìpele, a tún ń wo ìpò Hyams láti 1 dé 4, ìyẹn bí àwọn sẹ́ẹ̀lì náà ṣe le tó lójú wa. Ẹni tó ní ìpò 3 tàbí 4 ni a máa ń ṣọ́ jù.

Ìbéèrè Àrẹ̀mú kejì tọ̀ mí wá: ṣé irú kókó náà ni? Òótọ́ ni, ó ní ipa púpọ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Orúkọ chordoma nìkan kò tó. Irú mẹ́ta ni ẹ máa rí nínú ìwé àbájáde. Èyí tó wọ́pọ̀ ni wọ́n ń pè ní conventional, ara rẹ̀ sì ni chondroid wà. Dedifferentiated le gan-an, a máa yára. Ẹ̀kẹta ni poorly differentiated, tó ń mú ọmọdé jù, tí èròjà INI1 ti pòórá nínú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Méjì ìkẹyìn yìí a máa padà kíákíá, wọ́n a sì máa fò lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, egungun àti ẹ̀dọ̀. Ìtọ́jú wọn yàtọ̀.

Ohun tí a fi ń dá chordoma mọ̀ ni èròjà kan tó ń jẹ́ brachyury. Láti 2006 ni ó ti di mímọ̀ fún iṣẹ́ yìí. Chondrosarcoma kì í ní in, kàkà bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn ní àyípadà nínú àbùdá IDH. Ìdí nìyẹn tí Morẹ́nikẹ́ fi rí i tí wọ́n yí orúkọ tirẹ̀ padà. Nínú chordoma conventional pàápàá, bí Ki-67 bá ga, èyí tó ń fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì ń pín yára, tàbí bí apá 9p21 bá ti pòórá nínú àbùdá rẹ̀, ìrètí pé kò ní padà á dínkù. Kì í ṣe gbogbo ilé àyẹ̀wò ló ń wo èyí tó kẹ́yìn yẹn, ṣùgbọ́n ẹ lè béèrè.

Ìyá_Tèmítọ́pẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, Dókítà, adenoid cystic, irú jẹjẹrẹ tó ń hù láti inú ẹṣẹ́ itọ́, ni ti ọkọ mi, ó bẹ̀rẹ̀ láti òkè ẹnu. Wọ́n ní etí ibi tí wọ́n gé kò mọ́. Ṣé iṣẹ́ abẹ náà kò dára ni?

Dókítà_Ajúwe

Ìyá Tèmítọ́pẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ó ṣeé ṣe kí iṣẹ́ abẹ náà dára gan-an, kí etí má sì mọ́. Adenoid cystic a máa gba inú iṣan ojú rìn lọ sókè, ó lè gba ihò kéékèèké ìpìlẹ̀ agbárí wọ inú orí, láìsí wúwú tí ojú lè rí. Ó sì lè fo apá kan, kó tún fara hàn níwájú. Bí ojú bá ń kú tipiri tàbí ó ń ta wọ́n bí abẹ́rẹ́ lápá kan, kí wọ́n sọ fún dókítà, kí wọ́n má fi pamọ́. Irú tó jẹ́ solid nínú ìwé àbájáde ló le jù. Ìtànṣán lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni ìtọ́jú tó wọ́pọ̀ bí etí kò bá mọ́. Kí wọ́n máa wo ẹ̀dọ̀fóró pẹ̀lú, torí ibẹ̀ ni ó ń lọ jù, ó sì lè pẹ́ púpọ̀ kó tó hàn.

Kí n fi èyí kún un: kì í ṣe gbogbo jẹjẹrẹ ibẹ̀ ni iṣẹ́ abẹ gbọdọ̀ ṣáájú. Èyí tí wọ́n ń pè ní SNUC, tó ń hù nínú imú tó sì le gan-an, ní 2019 àwọn dókítà MD Anderson ní Houston fi hàn pé bí kẹ́mò (oògùn tó ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ) àkọ́kọ́ bá mú un sún kì dáadáa, àwọn tó gba kẹ́mò pẹ̀lú ìtànṣán tẹ̀ lé e ṣe dáadáa ju àwọn tó lọ sí iṣẹ́ abẹ lọ. Nítorí náà ẹni tí wọ́n bá sọ irú rẹ̀ fún, kí ó béèrè kí wọ́n tó gbé ọ̀bẹ.

Bọ̀dé_Ìdílé

Mo ní ìbéèrè kan tó lè yàtọ̀ sí ti ẹ̀yin yòókù. Àbúrò mi ní chordoma, wọ́n gé e, àwòrán mọ́. Ó ní òun kò ní gba ìtànṣán báyìí, òun á fi pamọ́ dìgbà tí ó bá padà, torí ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n lè fún èèyàn ní irú ìwọ̀n yẹn. Mo rò pé ọgbọ́n wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ìtànṣán_Pẹ̀lẹ́

Mo lóye ìbẹ̀rù rẹ̀, Bọ̀dé. Ìtànṣán ní tirẹ̀: ó lè ba ẹṣẹ́ tó ń tú èròjà sínú ara jẹ́, ìgbọ́ràn lè dínkù, apá ọpọlọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí lè bàjẹ́ lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Kì í ṣe ohun tí a ń fi tìfẹ́ fún èèyàn.

Ṣùgbọ́n mi ò gbà pẹ̀lú rẹ̀, mo sì fẹ́ sọ ọ́ láìfi bò. Àwòrán tó mọ́ kò túmọ̀ sí pé sẹ́ẹ̀lì ti tán. Ohun tó bá kéré ju ohun tí MRI lè rí lọ ṣì wà nínú egungun. Ìgbà tó kéré yẹn ni ìwọ̀n tí a lè fún un tó láti borí rẹ̀. Bí ó bá padà, á ti tóbi, á ti lẹ̀ mọ́ ìdí ọpọlọ tàbí iṣan ìríran, a ó sì tún ní láti gé e kí a tó lè fi ìtànṣán sí i. Ẹni tó fi í pamọ́ ti fi í pamọ́ di ìgbà tí kò ní lágbára tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ tó jọ kọ ìlànà fún chordoma ní 2015 náà dámọ̀ràn ìtànṣán tó ga lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ìpìlẹ̀ agbárí. Àwọn dókítà kan ń fi àwọn tí gbogbo kókó wọn kúrò, tó sì kéré, sílẹ̀ láìfún wọn ní ìtànṣán, wọ́n kàn ń ṣọ́ wọn, ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ dókítà ló jókòó ṣe ìpinnu yẹn pẹ̀lú aláìsàn. Kí àbúrò yín jókòó pẹ̀lú dókítà ìtànṣán tó mọ irú èyí, kí ó gbọ́ tẹnu rẹ̀, kó tó pinnu.

Bọ̀dé_Ìdílé

Ẹ ṣé. Màá fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí i bí ó ṣe wà, láìyọ nǹkan kan kúrò. Òun ló ni ara rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó gbọ́ ìyókù ọ̀rọ̀ náà.

Àrẹ̀mú_Àbúrò

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìwé àbájáde ti dé ọwọ́ wa. Conventional ni wọ́n kọ, brachyury wà nínú rẹ̀, INI1 kò pòórá. Ẹ̀gbọ́n mi sunkún ayọ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé MRI lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ dẹ́rù bà wá, wọ́n kọ pé ohun kan ń tàn yanranyanran ní ojú ibẹ̀, pé ó lè jẹ́ ìyókù, ó sì lè má jẹ́ òun. Kí ni kí á gbà gbọ́?

Oníṣẹ́Abẹ_Orí

Inú mi dùn sí ìwé àkọ́kọ́ yẹn.

Ní ti MRI, ẹ má tíì bẹ̀rù. Awọ imú tí a fi dí ihò, èyí tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, a máa tàn lójú àwòrán torí ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀, bó ṣe yẹ nìyẹn. Ọ̀rá tí a bá fi kún àlàfo náà a máa funfun lójú irú àwòrán kan, ó sì lè bo ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, àfi bí wọ́n bá lo ọ̀nà tó ń pa ìmọ́lẹ̀ ọ̀rá mọ́lẹ̀. Chordoma a máa tàn gan-an lójú àwòrán tí wọ́n ń pè ní T2. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ti fi èyí wé ti ìṣáájú. Ìdí tí a fi ń ya àwòrán láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, tí a sì tún ń ya òmíràn ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta, ni pé kí a lè mọ èyí tó jẹ́ ọgbẹ́ àti èyí tó ń dàgbà. Ọgbẹ́ a máa sún kì. Kókó kì í sún kì fúnra rẹ̀.

Lẹ́yìn ìtànṣán, wọ́n á máa yẹ̀ wọ́n wò ní oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà fún ọdún mélòó kan àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà lọ́dọọdún, kò sì ní dópin lẹ́yìn ọdún márùn-ún bíi ti jẹjẹrẹ mìíràn. Kí ẹni tó ń ka àwòrán máa wo ojú ọ̀nà tí a gbà wọlé pẹ̀lú, inú imú àti ibi tí a ti mú ọ̀rá níkùn, torí sẹ́ẹ̀lì lè já sí ojú ọ̀nà kó sì hù níbẹ̀. Kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí kò wò ó kò ní rí i.

Àrẹ̀mú_Àbúrò

Ẹ̀yin dókítà, Morẹ́nikẹ́, Nọ́ọ̀sì, gbogbo yín, mo dúpẹ́. A ti rí ilé ìtọ́jú pírótọ́ọ̀nù tó fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ wa. Wọ́n ní kí á fi ìwé ránṣẹ́. Kí ni kí á kó jọ?

Ìtànṣán_Pẹ̀lẹ́

Ìwé àbájáde ẹran ara, ìwé tí oníṣẹ́ abẹ fi kọ ohun tó rí àti ibi tó fi sílẹ̀, orúkọ irin tí wọ́n fi sínú orí bí ó bá wà, torí irin a máa da ìṣirò pírótọ́ọ̀nù rú. Lẹ́yìn náà, àwòrán fúnra rẹ̀ lórí díìsìkì, kì í ṣe ìwé àlàyé rẹ̀ nìkan. Ẹ má gbàgbé MRI àti CT tí wọ́n yà *kí* wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi ti ẹ̀yìn nìkan ránṣẹ́. Gbogbo ibi tí kókó náà ti dé rí ni a ń fi ìtànṣán bò, kì í ṣe èyí tó kù nìkan, láìsí àwòrán ìṣáájú a kò lè mọ ibi tí egungun yẹn ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí.

Àrẹ̀mú_Àbúrò

Ti ìṣáájú ṣì wà ní ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ tí wọ́n ti rí i. Mò ń lọ gbà á lọ́la.